Ṣé fẹ́rẹ́ẹ̀tì lè jẹ èso àti ẹ̀fọ́? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan (ferret, ẹran ilé kékeré onírun tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́) ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sọ́dọ̀, abo ni, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́ torí bó ṣe rí tín-ín-rín bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Lánàá, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́jẹ́ mi lórí àga, àfi bó ṣe gun itan mi, ó ti imú bọ àárín ìka mi, ó já ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì sá wọ abẹ́ àga. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ti jáde, ó ń fi ahọ́n lá ètè. Látìgbà yẹn, bó bá ti gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń fò fẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gan-an, mo ní ọmọ mi mọ ohun tó dáa. Àbúrò mi wá ní kí n máa gé kárọ́ọ̀tì àti ápù mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kó lè máa rí fítámì. Èwo ló lè jẹ nínú èso àti ẹ̀fọ́, èwo ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn? Báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Bàbá Mẹ́ta:
Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi káwọn èèyàn tó kó èso jọ síbí: kò nílò ìkankan nínú wọn. Mi ò ní "díẹ̀díẹ̀", mi ò ní "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan". Ẹran ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń jẹ.

Ẹ̀rí wà lára òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá yán, ẹ yọjú wo ẹnu rẹ̀. Eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tèmi àtẹ̀yin. Ó mú bí ẹnu àlùmọ́gàjí, tòkè ń gba ẹ̀gbẹ́ tìsàlẹ̀ kọjá. Àgbọ̀n rẹ̀ kì í lọ sọ́tùn-ún sósì bíi ti ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè gé ẹran, kò lè lọ ewé. Bó bá sì dé inú, oúnjẹ kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tó gba ẹnu wọlé ti gba ìdí jáde. Ehoro àti ẹṣin ní àpò kan níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ibẹ̀ ni koríko ti ń jókòó tó fi ń rọ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ò ní àpò yẹn rárá. Níbo ni ẹ̀fọ́ fẹ́ ti rọ̀?

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n, èmi náà gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ fún àgbà inú wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo rí kárọ́ọ̀tì mi nínú àwo tó ń ya ìgbẹ́ sí, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú igun tí ọ̀bẹ gé. Díẹ̀ ló kù kí n ṣan án kí n dá a padà sínú fíríìjì.

Ẹlòmíì á ní ó ti di ẹran ilé, inú rẹ̀ ti yí padà. Ìran polecat, ẹranko ìgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n. Ó ti lé ní 2,000 ọdún táwọn èèyàn ti ń sìn wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n lé ehoro jáde nínú ihò. Ìwà wọn rọ̀ lóòótọ́. Ìfun wọn ò rọ̀.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Ẹ̀yin àgbà yìí náà le jù. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fún akọ tèmi ní àjàrà gbígbẹ kan lálaalẹ́ kó tó wọ inú àgò rẹ̀ lọ sùn. Á gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ṣàìsàn rí, irun rẹ̀ ń dán. Àti pé nínú igbó, ṣé wọn kì í jẹ ikùn ehoro tí wọ́n bá pa ni, pẹ̀lú koríko inú rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko:
Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì máa ń rí fẹ́rẹ́ẹ̀tì dáadáa.

Jẹ́jẹ́ Layé, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ gbé àjàrà yẹn jù nù lónìí, àti tútù àti gbígbẹ. Ó dájú pé ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, nígbà míì kó tiẹ̀ má tó nǹkan kan ló jẹ. Ṣé ara ẹranko tí kò ju kílò kan sí méjì lọ lèèyàn á ti wá dán an wò? Ti koríko inú ehoro, ẹ rántí pé ehoro ti lọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ti sè é, ó sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, egungun àti ẹ̀dọ̀ tó bá a wọlé. Ìyẹn ò jọ ápù tí a fi ọ̀bẹ gé sínú abọ́.

Àlùbọ́sà àti ààyù náà wà lára ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ì báà jẹ́ omi ọbẹ̀ tó ní in nínú, torí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Píà (avocado) náà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an ni ṣúgà. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní insulinoma, ó wọ́pọ̀ láàárín fẹ́rẹ́ẹ̀tì, pàápàá láti ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ sókè. Kókó tó máa ń hù sára ẹ̀yà inú tó ń ṣe ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ni. Kókó yìí á wá máa tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀ láìdábọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé èso ló ń fà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko fura sí oúnjẹ tí ṣúgà àti ítáàṣì bá pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó sì dájú ni pé èyí tó bá ti ní kókó náà, ohun dídùn ń dá kún ìṣòro rẹ̀. Ṣúgà á ròkè lẹ́ẹ̀kan, kókó á rí i, á tún tú ínsúlíìnì sí i, ẹranko á wá ṣubú sí ibi tó jìn ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò sì lè fojú mọ èyí tó ti ní in níbẹ̀rẹ̀, á kàn máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Ọ̀gá Jagun:
Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yìí, ojú mi ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí àwọn tí kò tíì rí i.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Jagun, fẹ́rẹ́ẹ̀tì mi. Gbogbo ilé ló ń fún un ní nǹkan: ẹni tó ń jẹ bàrà á gé e fún un, ẹni tó ń jẹ ápù á bù ú fún un. Kí ó tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti rí i pé bó bá ń rìn, á dúró lójijì láàárín pálọ̀, á tẹjú mọ́ ara ògiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ti dé. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé kan mọ́, mo bá a ní ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi, itọ́ ti mú gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ tutù, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ha ẹnu bí ẹni pé nǹkan há a léyín. Mo ya ẹnu rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, gìrì ti gbé e.

Dókítà tí mo pè lórí fóònù ló kọ́ mi lóhun tí mo máa ṣe. Ó ní kí n fi òwú tó wà lórí igi tí a fi ń nu etí bọ oyin, kí n fi pa èrìgì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí n má fi ìka ṣe é torí ẹni tí gìrì mú kò mọ ẹni tó ń bù jẹ, kí n má sì da oyin sí i lọ́fun, kó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà, ó lajú. Mo fún un lẹ́ran lílọ̀ díẹ̀, a sì gbéra lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, 48 ní ìwọ̀n mg/dL ni wọ́n bá, bẹ́ẹ̀ láàárín 90 sí 125 ló yẹ kó wà. Oògùn ló ń lò títí di òní, ẹran díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ebi ò sì gbọ́dọ̀ pa á. Oyin wà nínú ilé, àmọ́ inú àpótí oògùn ni mo fi pamọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko:
Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Jagun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé "mo ní àgbà ti dé", ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé wọn wá. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń wọ́, bó bá ń tẹjú mọ́ ibì kan, ẹ má dúró de gìrì.

Ìyá Ìbejì Onírun:
Tèmi kì í ṣe ti ṣúgà, kárọ́ọ̀tì tútù ni. Ègé kan tó tó èékánná àtàǹpàkò bọ́ sílẹ̀ nígbà tí mò ń gé e ní kíṣìnnì, Ìkejì, ọ̀kan nínú fẹ́rẹ́ẹ̀tì mi méjèèjì, gbé e, mo ní kó máa gbé e lọ, ẹ̀fọ́ náà ni. Ọjọ́ kejì kò jẹun. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń payín keke, mo ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn mi. Ìgbẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, nígbà tó yá kò tiẹ̀ ya mọ́. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. X-ray fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀, àmọ́ kò fi kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ hàn. Ìgbà tí wọ́n la inú rẹ̀ ni wọ́n bá a, ó há síbi tí ìfun ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣì le koránkorán.

Ó yè o, ṣùgbọ́n ojú abẹ yẹn ṣì wà níkùn rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "kárọ́ọ̀tì ń fọ eyín wọn", inú máa ń bí mi. Hóró àgbàdo, kóró èso, ẹ̀pà àti àwọn èso gbígbẹ tó máa ń wú bó bá kan omi, gbogbo wọn ló lè há.

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Háà! Àyà mi ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹ ńkọ́? Kí ni kí n ṣe? Ti fítámì tí àbúrò mi sọ ńkọ́? Mo sì ti rí i kà níbì kan pé elégédé dáa fún irun tó bá dì sínú ikùn wọn.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko:
Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ̀, kì í há bíi kárọ́ọ̀tì. Ẹ kàn ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ lónìí àti lọ́la, ó lè ṣàn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi wà nítòsí rẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ tó mọ̀. Bó bá kọ oúnjẹ, bó bá ń bì, bó bá rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀dá tí oúnjẹ ń yára kọjá lára rẹ̀ tó báyìí ò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la láìjẹun.

Àbúrò yín rò ó bí èèyàn ṣe ń rò ó. Àwa èèyàn la ní láti jẹ fítámì C látinú èso. Ara fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Fítámì A wà nínú ẹ̀dọ̀ ní ṣíṣetán, ẹ fún un díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má pọ̀ jù torí àpọ̀jù rẹ̀ náà ń pani lára. Taurine tó ń gbé ọkàn àti ojú ró, inú ẹran ló wà, ọkàn adìyẹ kún fún un. Ẹ gé ápù mẹ́wàá, ẹ ò ní bá a níbẹ̀.

Elégédé nìkan ni mo ti rí kí dókítà ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí oúnjẹ, sísè, láìsí ṣúgà, ó kàn tó orí ṣíbí kékeré, fún èyí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ò já gaara. Oògùn ló fi ṣe, kì í ṣe ìpápánu. Ti irun, ìyarun ló ń ṣiṣẹ́ jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ irun.

Bàbá Mẹ́ta:
Ẹ̀fọ́ mìíràn wà tí a ń fún wọn láìmọ̀, ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹ yí àpò oúnjẹ gbígbẹ yín padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ànàmọ́ ló ṣíwájú ẹran, oúnjẹ ewúrẹ́ lẹ rà. Èyí tí mò ń wá ni kí purotéènì rẹ̀ tó 35 nínú 100 ó kéré tán, kó sì jẹ́ ti ẹran, kí ọ̀rá wà láàárín 15 sí 20 tàbí kó lé díẹ̀, kí fáíbà má sì tó 3. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀wà gbé purotéènì sókè lára àpò, ó máa ń tan èèyàn jẹ. Purotéènì ewéko ń dín kíkan inú ìtọ̀ wọn kù, bí kíkan bá sì ti lọ, òkúta lè dì sínú àpò ìtọ̀. Akọ ló ń jìyà rẹ̀ jù torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn há.

Ẹ̀yin ẹ ṣì lóríire, oṣù mẹ́jọ ni tiyín. Oúnjẹ tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá mọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló máa ń kà sí oúnjẹ títí ayé rẹ̀, èyí tó dé lẹ́yìn á dà bí igi lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ni, ẹ lè yí i. Ẹ má gba ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí á fi ebi pa ara rẹ̀ ni. Ẹ lọ ẹran adìyẹ kúnná, ẹ pò ó pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ kó ta sánsán, ẹ fi ìka pa á sí i lẹ́nu. Á lá a láti nù ún kúrò. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á wá a fúnra rẹ̀.

Ti ohun tí ẹ máa fún un bó bá ṣe dáadáa: ẹyin sísè díẹ̀, ẹran adìyẹ tí kò níyọ̀ tí kò nátá, ọkàn adìyẹ tí a gé kéékèèké, òróró ẹja salmon ẹ̀kán méjì-mẹ́ta. Àgbàlagbà méjì nínú mẹ́ta mi, orúkọ wọn ò lè pè wọ́n wá, àmọ́ ẹ ṣí ìdérí ìgò òróró yẹn báyìí, wọ́n ti dé.

Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ẹran:
Àti mílíìkì ńkọ́? Mo rí i tí wọ́n ń fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko:
Àgbà fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í lè lo ṣúgà inú mílíìkì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru ni. Omi ni kí ẹ fún un.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo ní kí n kó àjàrà gbígbẹ náà dà nù lóòótọ́. Ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti sún àga gígùn kúrò nílẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ní igun ògiri, òkìtì àjàrà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mi kan, kọ́kọ́rọ́ tí mo ti pààrọ̀ tipẹ́, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń nu ìwé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ọ̀bẹ ni mo fi ń họ ọ́. Mo kà á dé 200, ó sú mi. Kò jẹ wọ́n! Gbogbo alẹ́ tó ń gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ yẹn, ńṣe ló ń lọ kó o pamọ́. Ẹ̀rí ọdún méjì tí mo ń gbé kiri, abẹ́ àga ló wà.

Bàbá Mẹ́ta:
Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Olówó ni, ó ń kó jọ fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí, ohun tí wọ́n bá gbà kì í ṣe ohun tí wọ́n jẹ. Ẹ máa wo abẹ́ àga, ẹ̀yìn ìwé, inú bàtà. Bó bá jẹ́ ẹran tútù ló kó pamọ́, imú yín á tètè sọ fún yín.

Ọ̀gá Jagun:
Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ní abẹ́ àga náà ni ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sá sí, àbí?

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti ibẹ̀ ni. Mo dojú bolẹ̀, mo fi iná fóònù tàn án. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi rèé, ó ti dúdú, ipa eyín mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀, àwọn èèrà sì ti tò lọ títí dé ìdí ògiri. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀. Mo fún un ní ẹyin sísè díẹ̀ kó má baà bínú. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e, ó tún kọrí sábẹ́ àga.